Ọkọ̀ Ni Fareedah Ń Sunkún, Kì Í Ṣe Ọkọ

Làmídì tún ti kọjá. Ó tún ti yí orin náà sókè.

Fareedah wà nídìí maṣíìnì rẹ̀ ní Suame, ní Kumasi, ní ìsọ̀ tó ti ń rán aṣọ àga ọkọ̀. Kò gbójú sókè. Ó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn bó ṣe mọ ikọ́ bàbá rẹ̀. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Orin tó ń jáde nínú rẹ̀, òun Fareedah ló kọ ọ́. Ẹni tó sì gba ọkọ̀ náà mọ́ òun àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ ló wà nídìí rẹ̀ yẹn, tó ń mi orí, tó la ẹnu gbàgà, tó ń gbè é:

“Ọkọ mi ti lọ o, kò bojú wẹ̀yìn...”

Ó nawọ́ jáde ní fèrèsé. “Olórin wa! Ọmọ mi! Ọlọ́run á fún ẹ ní ọkọ mìíràn, tó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ!”

Ó fọn fèrè. Ó lọ.

Abẹ́rẹ́ maṣíìnì ṣẹ́ mọ́ aṣọ tí Fareedah ń rán. Kò mọ̀ pé òun ti tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ wo? Ta ló fẹ́ ẹ? Ìgbà wo? Ọkọ̀ lòun kọ sínú orin. Ọkọ̀ tí olè yìí jókòó sínú rẹ̀ gan-an.

Rájí ni orúkọ bàbá rẹ̀. Alabar, ní Kumasi, ni wọ́n bí i sí. Ìnísà ni bàbá tirẹ̀ ti wá, tó gbé ẹrù kalẹ̀ síbẹ̀, tí kò padà mọ́. Rájí ò kàwé. Ọkọ̀ ló mọ̀. Ó ń kó iṣu àti àlùbọ́sà láti ọ̀nà Techiman wálé. Tó bá dé orí ìtẹ̀sí Aboabo, àdúgbò wọn, á fọn fèrè: kúkúrú méjì, gígùn kan. Mariama ìyàwó rẹ̀ á gbé omi ìwẹ̀ kaná. Kò sígbà tí omi náà kì í gbóná kó tó bọ́ sílẹ̀.

Kọ́ńtírì ni Rájí fẹ́ràn. Àwọn orin Amẹ́ríkà tí gìtá máa ń sunkún nínú wọn. Ní Kumasi, rédíò máa ń lu wọ́n ní ọjọ́ Sunday, onílé àti àlejò ló ń gbọ́ ọ. Rájí ò gbọ́ ju ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ lọ. Ó ní ìdajì yẹn ti tó òun.

“Kí ni wọ́n ń sọ, Bàbá?” Fareedah máa ń béèrè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀ nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi.

“Ìyàwó ọkùnrin yìí lọ. Ajá rẹ̀ kú. Ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ló kù.”

“Ọkọ̀ wà nínú orin?”

“Inú gbogbo wọn ló wà. Àwọn èèyàn yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.”

Nígbà tí Rájí tún ọkọ̀ kùn, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ òun sí iwájú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kọ FAREEDA PAPA, lẹ́tà ńláńlá, àwọ̀ ìyeyè. Ní Twi, èdè àwọn Aṣante, papa lè jẹ́ bàbá. Ó lè jẹ́ dáadáa pẹ̀lú. Bí èèyàn bá ṣe gbé ohùn sí i ni. Àwọn awakọ̀ Aṣante máa ń jiyàn lé e lórí ní gáréèjì. Àwọn kan ní bàbá Fareedah ló túmọ̀ sí. Àwọn kan ní Fareedah tó dáa ni. Rájí á kàn máa rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gba méjèèjì.

Àìsàn kékeré ló pa á. Ibà ni wọ́n pè é. Kò pẹ́ rárá. Lọ́jọ́ kan ó ń pàrọwà fún méètì rẹ̀, ọmọ ọkọ̀ rẹ̀, pé kó fọ ọkọ̀, lọ́jọ́ kejì kò lè dìde.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ojúde kún. Làmídì, àbúrò Rájí, tọ Mariama lọ. “Ìyàwó wa, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Kí n sún ọkọ̀ yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn àlejò ò ríbi jókòó.”

Mariama fún un. Ó wọ inú ọkọ̀. Ó sún un. Ó ń sún un lọ, ó ń sún un lọ, títí ó fi kọjá ìtẹ̀sí. Fareedah ń pín omi fún àwọn àlejò. Ó dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Òjò ti ń ta. Ó rí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà bó ṣe pupa tó, tó sì ń kéré sí i.

Ọkọ̀ kò padà wá.

Nígbà tí Mariama lọ bá a, ohùn Làmídì ti yàtọ̀. “Kumasi là ń gbé. Níbí, àbúrò ló ń jogún ẹ̀gbọ́n. Ọmọ kì í jogún bàbá níbí.”

“Làmídì, Yorùbá ni wá.”

“Mo mọ̀.”

“Mùsùlùmí ni wá.”

“Alhamdulillahi. Ṣùgbọ́n Kumasi là ń gbé.”

Ẹ wo nǹkan. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Rájí, Mùsùlùmí ni ọkùnrin yìí. Òun ló wọnú sàréè gba òkú. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ogún dé, ó di Aṣante. Imáàmù bá a sọ̀rọ̀, ó ní òun ti gbọ́, kò sì ṣe nǹkan kan. Kò tó ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó fi gbé ọ̀dà, tó pa FAREEDA rẹ́ níwájú ọkọ̀. Ó fi PAPA sílẹ̀. Ó ní òun ni papa báyìí.

Mariama ní kí Fareedah fi sílẹ̀. Fareedah ò lè fi sílẹ̀. Ìdí maṣíìnì ló ti ń sunkún, ó ń rán aṣọ fún àga ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, kí àwọn oníbàárà má baà gbọ́ ẹkún. Ohùn kọ́ńtírì bàbá rẹ̀ ló bọ́ sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ Yorùbá ló sì kó sínú rẹ̀:

“Ọkọ̀ mi ti lọ o, kò bojú wẹ̀yìn.
Ojú rẹ̀ méjèèjì tó ń tàn sí mi nínú òjò,
ibòmíì ló ń tàn sí.
Aṣọ tí mo rán fún un, ẹlòmíì ló jókòó lé e.
Bó bá ké lókèèrè, àyà mi á já.
Òórùn rẹ̀ ṣì ń bẹ lára mi.”

Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọkọ̀ rí yóò mọ̀. Iná iwájú ni ojú. Aṣọ àga ni aṣọ. Fèrè ni igbe. Òórùn epo àti àlùbọ́sà ni òórùn. Ohun tí Fareedah rò nìyẹn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Kwabena ló gbé àga mọ́tò rẹ̀ wá fún rírán. Ó gbọ́ orin náà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní gìtá. Ó ní yàrá kékeré kan ní Fante New Town tó fi ń gba orin sílẹ̀. Aṣante ni, kò gbọ́ Yorùbá rárá.

“Sister,” ó ní, “kọ́ńtírì ni èyí. Jẹ́ ká gbà á sílẹ̀.”

Kwabena lù ú, ó dùn. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti wálẹ̀ jù, kó gbé e sókè, ibẹ̀ ni adùn wà. Fareedah gbé e sókè. Ó ṣe é bákan lẹ́nu. Ó gbà pé ọ̀rọ̀ tó kù á tún un ṣe.

Kò tún nǹkan kan ṣe. Orin náà jáde, ó wọ inú fóònù gbogbo ayé. Ní Aboabo, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí Mariama.

“Ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn ọkùnrin ìsinsìnyí náà nìyẹn.”

“Ọkùnrin wo?”

“Ẹ má da ara yín láàmú, Ìyá Fareedah. Gbogbo wa la ti gbọ́.”

Ìyá àgbàlagbà kan tí etí rẹ̀ mú ju tiwọn lọ tilẹ̀ dá Fareedah dúró lọ́nà. “Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ibi tí orin yẹn ti ga sókè, ọkọ́ ni mò ń gbọ́. Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko. Ṣé ó sọnù ni? Lọ sí ọjà Kejetia. Wọ́n ń tà á níbẹ̀ pẹ̀lú èèkù.”

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Fareedah ò rẹ́rìn-ín. Ó kọrin nípa ọkọ̀, wọ́n gbọ́ ọkọ, wọ́n gbọ́ ọkọ́. Kò sẹ́ni kan tó béèrè ẹni tó jalè. Àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ń fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, pé àwọn ò ní fi í sílẹ̀ bíi ti èyí tó lọ.

Ti rédíò ló wá burú jù. Fareedah wà lọ́dọ̀ Kwabena ní Fante New Town lọ́jọ́ náà. Túndé, ọmọ Ìbàdàn kan tí kò tíì pẹ́ tó dé, ló máa ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọ̀sán Fúráìdé. Ó ní òun fẹ́ tú orin Fareedah sí wẹ́wẹ́.

“Ẹ gbọ́ ọ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ó ní ojú rẹ̀ méjèèjì tó ń tàn. Ọkùnrin náà rẹwà. Ó ní nínú òjò. A jẹ́ pé ìgbà òjò ni wọ́n pàdé. Aṣọ tí mo rán fún un, ẹlòmíì ló jókòó lé e! Ẹ̀yin èèyàn mi! Ó rán ẹ̀wù fún ọkùnrin, ọkùnrin bọ́ ẹ̀wù fún ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ láti jókòó lé! Ìwà wo nìyẹn?”

Fareedah ti ń tẹ fóònù. Wọ́n gbé e.

“Èmi ni Fareedah.”

“Háà! Olórin fúnra rẹ̀! Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ti dárí jì í?”

“Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ tó ní táyà. Ọkọ̀ bàbá mi ni.”

Túndé rẹ́rìn-ín títí. “Ẹ ò rí i? Báyìí ni àwọn olórin ṣe máa ń fi nǹkan pamọ́. Ọkọ tó ní táyà! Ìyẹn ni pé ó yára lọ!”

“Mo ní ọkọ̀! Wọ́n jí i lọ!”

“Wọ́n gbà á mọ́ yín lọ́wọ́, a gbọ́. Ẹ dúró ná, ẹlòmíì ti wà lórí fóònù. Ta ni?”

“Àsàlámù àléékúmù.” Ohùn Làmídì ni. “Bàbá rẹ̀ kékeré ló ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo dúró bíi bàbá fún un láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti kú.”

“Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ṣé ẹ mọ ọkùnrin náà?”

“Mo mọ̀ ọ́n dáadáa.” Làmídì mí kanlẹ̀. “Kò níwà. Mo kìlọ̀ fún ọmọ yìí. Ṣùgbọ́n ká fi ìyẹn sílẹ̀. Lọ́la Sátidé, àwa awakọ̀ ń ṣe ìpàdé ọdún ní gáréèjì. Ọmọ mi máa wá kọrin náà fún wa. Orí ọkọ̀ mi ló máa dúró sí. Kí gbogbo èèyàn wá o.”

Fareedah gbé fóònù lé orí tábìlì. Làmídì mọ ọkùnrin náà! Ọkùnrin tí kò sí! Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò níwà, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń wàásù.

“Kí ni wọ́n ń wí?” Kwabena béèrè.

“Papa mélòó ló wà nínú Twi yín?”

Kwabena rò ó. “Papa tó jẹ́ bàbá. Papa tó jẹ́ dáadáa. Papa tó jẹ́ abẹ̀bẹ̀.”

“Tí mo bá kọ orin nípa bàbá mi tó kú, tí mo wá gbé ohùn sí i bí abẹ̀bẹ̀ ńkọ́?”

“Wọ́n á ní abẹ̀bẹ̀ rẹ ló kú.” Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. “Èmi ni mo ṣe é. Èmi ni mo ní kó o gbé e sókè.”

“Ìwọ ni.”

“Kí ni ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń ṣe?”

“Ó ń já bọ́.”

Kwabena mú gìtá. Ó gbìyànjú rẹ̀. Ó mi orí. “Kò ní dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Orin tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣubú, èèyàn ò ní lè gbè é.”

“Kí wọ́n má gbè é. Kí wọ́n gbọ́ ọ.”

Wọ́n ṣe é, wọ́n tún un ṣe. Kwabena wá rí i pé gìtá náà lè bá a sọ̀kalẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń bọ́ lórí ìtẹ̀sí. Nígbà tí wọ́n rí i mú, wọ́n kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ó dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kwabena ò fẹ́ sọ ọ́.

Nílé, Mariama ti gbọ́ nípa Sátidé. “Má bú u o, Fareedah. Ọkùnrin kan náà ló bí òun àti bàbá rẹ. Má dójú tì wá láàárín àwọn èèyàn.”

“Mi ò ní bú u.”

“Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀?”

“Màá kọrin. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un.”

Ìyá rẹ̀ wò ó pẹ́.

Ní gáréèjì, Làmídì ti fọ ọkọ̀ náà títí ó fi ń dán. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ wé e níwájú. PAPA hàn gbangba. Ó ká tapólì ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kó lè di orí ìtàgé. Fareedah àti Kwabena gùn ún. Òórùn àlùbọ́sà ṣì wà nínú pákó rẹ̀.

“Kọ ọ́, ọmọ mi!” Làmídì ti bọ́ síwájú, ó ti gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jó kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Gìtá wọlé. Fareedah la ẹnu.

Àwọn awakọ̀ tí wọ́n ti mọ orin náà gbé e sókè. Òun gbé e sílẹ̀. Ohùn wọn kọ lura. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó ṣì í ni. Ó tún un kọ. Ọ̀rọ̀ náà tún já bọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀díẹ̀.

“Kí ló wí?” Yaseer ló béèrè, àgbà awakọ̀ tó bá Rájí rin ọ̀nà Techiman láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn.

“Ó ní ọkọ̀,” ẹnì kan dá a lóhùn.

“Kì í ṣe ọkọ?”

“Ọkọ̀ ni o, Bàbá. Ẹ fetí sí i.”

Fareedah ò dúró. Ojú rẹ̀ méjèèjì tó ń tàn sí mi nínú òjò. Ẹnì kan wo iná iwájú ọkọ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnì kejì. Aṣọ tí mo rán fún un, ẹlòmíì ló jókòó lé e. Méètì kan ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó yọjú sí àga, aṣọ pupa tó ní etí ìyeyè, iṣẹ́ ọwọ́ Fareedah.

“Wallahi, aṣọ náà rèé! Aṣọ náà rèé!”

Ẹ̀rín bú sílẹ̀, ó sì dákẹ́ lójijì. Làmídì nìkan ló ń jó. Ó yí po, ó tún yí po, kó tó rí i pé kò sẹ́ni tó ń jó mọ́.

“Làmídì,” ni Yaseer wí. “Ọkọ̀ ta lọmọ yìí dúró sí?”

“Tèmi ni.”

“Níbo lo ti rà á?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ló fi sílẹ̀.”

“Fún ta?”

Làmídì yíjú sí àwọn awakọ̀ Aṣante. Ó bọ́ sínú Twi kí wọ́n lè gbè é. Ó ní ẹ̀yin náà mọ̀, ní Kumasi níbí, àbúrò ló ń jogún.

Kwadwo, awakọ̀ kan tó jẹ́ Aṣante pátápátá, dìde lórí bẹ́ǹṣì. “Hei! Ìdílé ìyá là ń tọ̀ jogún níbí. Abusua wo lo ti jáde? Ìdílé ìyá wo? Dárúkọ rẹ̀ ká gbọ́.”

Làmídì fà sẹ́yìn lọ sídìí ilẹ̀kùn ọkọ̀.

“Kò ní! Kò sí ìyá Aṣante kan tó bí i! Ó wá fi àṣà wa bo olè rẹ̀ mọ́lẹ̀!” Inú ń bí Kwadwo gan-an. “Ta ló fún ọ láyè?”

Làmídì fò wọnú ọkọ̀. Ó ṣáná sí ẹ́ńjìnnì. Ó gbàgbé pé èèyàn wà lẹ́yìn, tàbí kò gbàgbé.

“Chale, ọ̀rẹ́! Èèyàn wà lórí ọkọ̀ o!” Kwabena pariwo, ó di gìtá mú.

Ọkọ̀ náà mì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Fareedah di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Kò pariwo. Orin ló ń kọ. Ibì kan ṣoṣo ló yí padà nínú rẹ̀: “Ọkọ̀ mi mà tún ń lọ o, kò bojú wẹ̀yìn.”

Ojú gbogbo wọn ló ti ń ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n tú orin sí wẹ́wẹ́ mọ́. Yaseer ló kọ́kọ́ rìn lọ dúró síwájú ọkọ̀. Kwadwo tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. Làmídì fọn fèrè, fọn fèrè. Wọn ò yà.

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú rẹ̀. Ó gbójú sókè sí Fareedah.

“Aláìmoore! Èmi ni mo gbé orin rẹ kiri gbogbo Kumasi! Ta ló mọ̀ ẹ́ kí n tó máa yí i sókè?”

“Ẹ ṣé, Bàbá kékeré,” Fareedah dáhùn. “Ẹ bá mi kéde rẹ̀ dáadáa.”

“Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú tẹ́lẹ̀! Ẹ máa gbé e lọ!” Ó ń bú wọn lọ títí wọn ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Kò tọrọ àforíjì. Títí dòní, kò tíì tọrọ rẹ̀.

Yaseer ló wa ọkọ̀ náà lọ sí Aboabo. Fareedah jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó máa ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n dé orí ìtẹ̀sí, ó na ọwọ́ kọjá níwájú Yaseer, ó tẹ fèrè. Kúkúrú méjì. Gígùn kan.

Mariama jáde. Ó di ìkòkò omi mú lọ́wọ́ méjèèjì. Ó dà bíi pé kò mọ̀ pé òun gbé e. Ó dúró, ó ń wo ọkọ̀ náà, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀. Fareedah rò pé ẹkún ló fẹ́ sun.

Ìyá rẹ̀ gbé ìkòkò sílẹ̀. Ó rìn lọ síwájú ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ nu ibi tí wọ́n ti fi ọ̀dà pa FAREEDA rẹ́. Ohùn rẹ̀ le, irú èyí tí Fareedah ò gbọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀.

“Irú ọ̀dà wo ni olè yìí fi kùn ún? Papa wo? Papa ta ni? Ẹ lọ pe ẹni tó kọ orúkọ ọmọ mi síbẹ̀ wá fún mi! Lónìí yìí!”